Àlàfo Abẹ́ Ilẹ̀kùn

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ríbi wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí à ń sọ yìí, kì í ṣe ògiri rẹ̀ nìkan ló lanu. Igi ojú fèrèsé rẹ̀ ti gbẹ títí ó fi sún kúrò lára bíríkì, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì kanlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ lóde, kọ́tìnnì á máa jó nínú yàrá láìsí ẹni tó lùlù fún un. Onílé ní òun máa tún un ṣe. Ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pé.

Obìnrin tó ń sùn nínú yàrá ọ̀hún, Ìyàwó ni gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ ń pè é. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ sì ni. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá bó bá ti jáde nínú ààrò. Ooru ibẹ̀ á sè é jinná. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, á bọ́ sínú òtútù òwúrọ̀ tòun ti òógùn lọ́rùn, á délé, á dùbúlẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ ẹ lẹ́yìn ọrùn bí ẹni tó ń fẹ́ná. Kò sí alẹ́ tí kì í sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Ó sọ ọ́ títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀tá Afẹ́fẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Lọ́jọ́ kan tí kò níṣẹ́, ó bá kọjú ìjà sí afẹ́fẹ́ náà. Ó lọ bá káfíńtà tó wà ní ìkángun òpópónà, ó ra fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ó sì ra pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ojú igi. Káfíńtà ní kó tan àbẹ́là, kó máa gbé e lọ yí etí fèrèsé ká díẹ̀díẹ̀; ibi tí iná bá ti tẹrí ba, ibẹ̀ lafẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ìyàwó ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tẹrí ba níbi gbogbo. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kò wulẹ̀ tẹrí ba mọ́, ṣe ló kú.

Ó fi ọṣẹ fọ etí igi, ó nù ún gbẹ, ó bó bébà ẹ̀yìn fóòmù, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwọ̀n níwọ̀n. Ó fi ìka ti pọ́tì bọ ojú gbogbo ibi tó sán. Ní ti àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn, ó gé ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ tó ti gbó, ó rán ẹnu rẹ̀, ó rọ lẹ́búlẹ́bú igi tó tọrọ lọ́wọ́ káfíńtà kún inú rẹ̀, ó sì fi okùn so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn lápá ibi ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó lè máa tẹ̀ lé ilẹ̀kùn lọ, kó máa tẹ̀ lé e bọ̀. Nígbà tó parí, kọ́tìnnì dúró gbọn-in. Kò gbọ́ ohùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́, kò gbọ́ ti ìta. Ó sùn fọnfọn lọ́jọ́ náà, nígbà tó jí, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Bó ṣe jí lọ́jọ́ kejì, fóòmù ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ti bó, ẹsẹ̀ ṣòkòtò sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rò pé gọ́ọ̀mù ni kò mú dáadáa. Ó tún un tẹ̀. Wọ́n tún un bó. Ó so okùn ní kókó tó le. Wọ́n tú kókó. Lọ́jọ́ tó dìde lójijì lọ́sàn-án láti lọ tọ̀, ó ṣílẹ̀kùn bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ta ló bá? Ìyá ọkọ rẹ̀ ni, lórí àpótí kékeré, ẹsẹ̀ ṣòkòtò lórí itan rẹ̀ bí ọmọ.

“Mama, ẹ̀yin lẹ ń tú u?”

“Èmi ni.”

“Kí ló dé, Mama?”

“Ooru ń mú mi.”

Súwẹ́tà méjì ló wà lọ́rùn Mama, ó sì we gèlè bo etí. Ìyàwó wò ó sókè sódò. Ó gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà lọ́wọ́ ìyá náà, ó wọlé padà.

Ẹ má rò pé ẹni burúkú ni Mama. Yàrá kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gbé, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ kò ti lè gun àtẹ̀gùn ilé àkọ́bí rẹ̀ mọ́. Àkọ́bí náà, Tíṣà, òkè tente ló ń gbé. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ní yàrá kan péré, ìdajì rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ àárín, ọkọ Ìyàwó, ló ń gbé ilé tó wà nílẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù sì ni, a máa lọ lọ́jọ́ Ajé, ó di òpin ọ̀sẹ̀ kó tó dé. Nítorí náà, àwọn obìnrin méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń wà nílé. Mama ń bá Ìyàwó ṣa ẹ̀wà, ó ń bá a ká aṣọ, ó sì fẹ́ràn ilé náà nítorí pé níbẹ̀ nìkan ló ti lè ti ilẹ̀kùn yàrá tirẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àìsọ̀rọ̀ púpọ̀ yẹn gan-an ló wá bá a jà.

Ìyàwó gbé òòlù. Ó kan fóòmù mọ́ igi ní ìṣó kéékèèké. Mama fi ẹnu ọ̀bẹ yọ ìṣó. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́, ó rojọ́, ó sunkún díẹ̀ pàápàá. Mama á ní, “Mo ti gbọ́, ọmọ mi,” kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àlàfo á ti tún yọ. Ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi iṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti bàjẹ́ pátápátá. Obìnrin tó ń po fúláwà gbọ́ ọ, ó yínmú.

“Ìyá ọkọ tó ń ṣí ilẹ̀kùn ìyàwó ọmọ ẹ̀ lójú oorun? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ o. Ìwọ ṣáà máa fọgbọ́n sùn.”

Ìyàwó ní òun kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ létí, kò sì jáde. Ó ń lọ sílé, ó ń rò ó. Ó ń di ìrọ̀rí mú, ó ń rò ó.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan níbí, kó tó pẹ́ jù. Ìyàwó náà ní ohun tó ń fi pamọ́. Wárápá ń ṣe é, láti ìgbà ọmọdébìnrin rẹ̀. Kì í dé lemọ́lemọ́, oògùn ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba, ó sì ń kó oògùn náà sínú agolo mílíìkì tí ó tì sẹ́yìn àwọn aṣọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ọkọ náà ló sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn ará ilé òun gbọ́, nítorí bí ẹbí bá gbọ́ orúkọ yẹn, ṣe ni wọ́n á ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í pè é lórúkọ, “nǹkan yẹn” ni wọ́n ń pè é. Àwọn èèyàn gbà pé itọ́ ẹni tó ní in máa ń ràn. Dókítà ti sọ fún un pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n dókítà kò bá àwọn èèyàn yìí gbélé. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ ni Ìyàwó fi ń gbé ayé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó bá ìṣó mẹ́ta lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni pé wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ó gbé fóònù, ó pe aránṣọ. Aránṣọ kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n ó bá a nílé, nítorí náà Àǹtí ló ń pè é.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bá Mama sọ̀rọ̀. Ó ti sú mi.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lọ́sàn-án, gbogbo wọn pé sí pálọ̀. Tíṣà jókòó sórí àga tó ga jù bí ìṣe rẹ̀. Aránṣọ gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré dání, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn. Bí ọmọ náà sì ṣe wọlé ló gun ẹsẹ̀ Ìyàwó, nítorí Ìyàwó ló máa ń mú ìdí búrẹ́dì wá fún un. Awakọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ wúwo fún àárẹ̀ ọ̀nà. Mama jókòó láàárín, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

Tíṣà ní kí Ìyàwó sọ ẹjọ́ rẹ̀. Ìyàwó gbé ọmọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin: àbẹ́là, fóòmù, ìṣó, òtútù. Bó bá dúró síbẹ̀, ilé ì bá tòrò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ ọn lẹ́nu, gbogbo wọn sì ń mi orí sí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi, n kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá ń sùn, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá.”

Ẹyin lohùn. Bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló fọ́. Aránṣọ wo ilẹ̀. Awakọ̀ gbé orí sókè wò ó, ó tún gbé e sílẹ̀. Ìyàwó fúnra rẹ̀ fẹ́ kó o padà, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

“Mama,” ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, “ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ sí yín lára. Kí ló dé tí ẹ ń ṣí ilẹ̀kùn náà?”

“Ooru ń mú mi.”

“Nínú òtútù yìí?”

“Nínú òtútù yìí náà.”

Aránṣọ rẹ́rìn-ín tí kò dénú. “Mama mi, ooru wo? Ṣebí ìbọ̀sẹ̀ méjì lẹ wọ̀ léra wọn yìí?”

“Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò ní ṣe é mọ́,” ni Awakọ̀ wí. “Tán, ọ̀rọ̀ á parí.”

“Màá ṣe é,” ni Mama wí.

Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, kò wo Ìyàwó rárá. Tíṣà jáwọ́. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àgbà ọ̀hún ló ń wọ́ orí ọmọ, wọ́n á mú àgbà kúrò lọ́jà. Ó ní kí Mama bá aránṣọ lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Aránṣọ fi ojú inú wọn yàrá rẹ̀, àti àwọn máṣìnnì, àti tábìlì ìgéṣọ, ó ní àyè á wà lábẹ́ tábìlì fún mátírẹ́ẹ̀sì kékeré. Mama ní, “Ó dáa.” Ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde.

Ìyàwó tẹ̀ lé e wọ yàrá láti bá a di ẹrù. Ohun tó tọ́ ni kó ṣe, ó sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun ń ṣe ohun tó tọ́. Mama jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká súwẹ́tà. Nígbà tó ká èyí kejì, ó ní kí Ìyàwó ti ilẹ̀kùn.

“Ǹ bá má sọ ọ́,” ni Mama wí. “Ṣùgbọ́n mò ń lọ, kò sì sí bí mo ṣe lè lọ láìsọ ọ́. Nígbà tí òtútù yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ tí nǹkan ń lu pákó bẹ́ẹ̀dì ẹ. Mo rò pé ẹnì kan ń kan nǹkan ni. Mo wọlé, ẹsẹ̀ ẹ ni.”

Ìyàwó di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

“Mo yí ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo nu ẹnu ẹ, mo jókòó tì ẹ́ títí ó fi lọ sílẹ̀. Mo pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí, mo sì jáde kó o tó mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo tún gbọ́.”

Ìyàwó rántí. Ó rántí òwúrọ̀ tí orí ń fọ́ ọ, tó bá aṣọ ìrọ̀rí mìíràn lábẹ́ orí rẹ̀, tó sì rò pé òun lòun pààrọ̀ rẹ̀ tí òun gbàgbé.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Mama?”

“Ìwọ náà ò sọ fún mi. Mo ní nǹkan tó o bá bò, èmi kọ́ ni màá ṣí i. Bó bá wù ẹ́ láti sọ, wàá sọ.” Mama na ọwọ́ mú ìbọ̀sẹ̀, ó ká a pọ̀. “Ìgbà tó o wá dí ilẹ̀kùn yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo gbé etí lé igi, mi ò gbọ́. Orúnkún mi ò sì jẹ́ kí n máa dìde wá wò ẹ́ nígbà gbogbo. Ni mo ṣe gbé àpótí síbẹ̀, tí mo sì ń ṣí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Mo mọ̀ pé òtútù ń mú ẹ. Ṣùgbọ́n òtútù ò lè pa ẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ.”

Ìyàwó mú ìbọ̀sẹ̀ náà, ó fi í sínú àpò.

“Sọ fún ọkọ ẹ kó wá ẹnì kan tí á máa wà nílé lọ́sàn-án,” ni Mama wí. “Bí mo bá lọ, ta ni á máa gbọ́?”

Ó na àpò rẹ̀ sí i kó bá òun gbé e. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ tí Ìyàwó sọ ní pálọ̀. Ì bá sàn fún Ìyàwó kó gbá a létí. Ìtìjú mú un láti àtàǹpàkò títí dé àárín orí. Gbogbo ìṣó tó kàn ló ń gún un báyìí. Ìyá tó jókòó sínú òtútù ọ̀dẹ̀dẹ̀ tòun ti orúnkún rẹ̀, òun ló lọ fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ lójú ẹni tó ń po fúláwà, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pè ní àjẹ́ níwájú àwọn ọmọ tó bí. Ìyá náà sì gbé e mì. Gbólóhùn kan péré ni ì bá fi dá ara rẹ̀ láre, ó mọ gbólóhùn ọ̀hún, ooru ló ń sọ.

Wọ́n jáde sí pálọ̀. Ìyàwó jókòó. Ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó mu díẹ̀. Ọmọ kékeré tún gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na ẹnu sí kọ́ọ̀pù, òun náà mu díẹ̀. Tíṣà gbé àpò Mama, ó ní kí wọ́n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó mi orí fún un díẹ̀ pé kó má sọ ọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé àpò yẹn sílẹ̀.”

“Kí ló tún kù?”

“Mama ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n.” Ó di kọ́ọ̀pù mú ṣinṣin. “Wárápá ń ṣe mí. Wọ́n mọ̀, èmi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn kí wọ́n lè máa gbọ́ mi bó bá gbé mi.”

“Ooru ló ń mú mi,” ni Mama wí kíákíá. “Ẹ má dá a lóhùn, oorun ń kùn ún ni.”

“Mama, ẹ jọ̀ọ́,” ni Ìyàwó wí. “Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Wárápá ni. Oògùn mi wà nínú agolo. Ọkọ mi mọ̀.”

Tíṣà, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ń wo ọwọ́ àpò tó dì mú. Awakọ̀ ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú. Aránṣọ dìde. Kò bínú, ó kàn wá síwájú, ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ Ìyàwó. Ó fi etí aṣọ nu ẹnu ọmọ náà, ó tún un nù, ó ń fi agbára nù ún títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ìyàwó rí i. Gbogbo wọn rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì di kọ́ọ̀pù mú, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Mama kò tíì jókòó. Ó rọra fi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún kọjá láàárín wọn, ó gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ Ìyàwó, ó fi ẹnu sí ibi tí Ìyàwó fẹnu sí, ó sì mu omi inú rẹ̀ tán. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù. Lẹ́yìn náà ló na kọ́ọ̀pù sí i padà.

“Òùngbẹ ṣì ń gbẹ mí. Bá mi bu òmíràn.”

Ìyàwó kúnlẹ̀ gbà á. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú ìyá náà. Tíṣà gbé àpò sílẹ̀. Ìyàwó bu omi wá, ìdajì rẹ̀ dà sílẹ̀ lọ́nà, Mama sì gbà á, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ níṣojú gbogbo wọn bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ.